Ìjàpá Tí Kò Fẹ́ Gbé Màmá

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà kí ẹ má retí pé n ó tò ó dáadáa bí olùkọ́. Ìwé kẹta ni mo kà mọ. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ìkirè lónìí, tí ẹ bi ẹnikẹ́ni pé ta ló mọ iná ọkọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò júwe. Kí ẹ kọjá àwọn obìnrin tó ń ta dòdò létí ọ̀nà, kí ẹ yà sápá òsì, ẹ ó bá mi lábẹ́ igi máńgòrò. Èmi ni mo jí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kú sórí afárá Aṣéjìrè nínú òjò, nígbà tí àwọn tó wá láti Ìbàdàn ti kó irinṣẹ́ wọn sápò. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ béèrè.

Rìwáyà ni wọ́n ń pè wá. A kì í ṣe mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ló ń tú ẹ̀rọ, àwa là ń wá iná. Iná sì ṣòro láti wá ju ohun tí ojú ń rí lọ. Irin tó bá dá, ojú á rí i. Iná tó bá sọnù, àfi kí èèyàn máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti orí wáyà kan dé èkejì, lórí ìkúnlẹ̀, títí ẹ̀yìn á fi máa dun èèyàn. Ẹ̀yìn mi kò dákẹ́ mọ́ láti ọjọ́ yìí.

Màmá kan ló ránṣẹ́ sí mi láti Àpòmù. Opó olùkọ́ àgbà kan ni. Ọkọ wọn ti kú láti ọdún mélòó kan, ó sì fi ọkọ̀ ìjàpá kan sílẹ̀, irú èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà nídìí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tí mo dé inú àgbàlá wọn, aṣọ ni wọ́n fi bò ó bí ẹni tó ń sùn. Màmá ká aṣọ náà fúnra wọn. Àwọ̀ sánmà ló ní, kò sì ní ìpẹtà ju ti ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn lọ.

“Rìwáyà, wọ́n ní ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe jù.”

“Màmá, ẹni tó sọ fún yín ò purọ́.”

“Àwọn méjì tó wá ṣáájú rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀.”

“Àwọn yẹn ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni, Màmá.”

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n sì sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ìsìn ìrántí ọkọ wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkirè níbi. Dáwódù wọn, àkọ́bí ọkùnrin tó ń gbé Ìbàdàn, ti mú àwọn tó ń ra àlòkù irin wá wo ọkọ̀ náà. Irú àwọn wọ̀nyẹn ò ra ọkọ̀ láti wà á. Àáké ni wọ́n fi ń là á. Màmá fárígá. Ọmọ náà ò sì gbà, ó ní ọkọ̀ tí kò rìn, ilé eku ni. Ni ìyá àtọmọ bá fẹnu kò: bí ọkọ̀ bá gbé Màmá láti Àpòmù dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú láìkú lọ́nà, ó di ti Màmá títí ayé. Bí ó bá kú, kí àwọn onírin wá gbé e lọ́jọ́ Ajé.

“Mo ti búra fún un,” ni Màmá wí. “Mi ò sì ní yẹ ọ̀rọ̀ mi.”

Mo ní kí wọ́n lọ wá aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ sílẹ̀. Bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ ọjọ́ kìíní ò le. Eku ti jẹ wáyà nídìí ẹ̀rọ, mo tún wọn fà. Nínú ìjàpá, bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ níwájú, iná á gba inú wáyà kan lọ sẹ́yìn, sínú kọ́ìlì. Kọ́ìlì ni nǹkan dúdú bí agolo mílíìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Òun ló ń sọ iná kékeré di ńlá, tó ń rán an sí àwọn púlọ́ọ̀gì kí epo lè jó. Bí iná ò bá dé kọ́ìlì, kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe, ẹ̀rọ ò ní dáhùn. Mo ní gílóòbù kékeré kan tí mo so mọ́ wáyà méjì, òun ni mo fi ń bi ọkọ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Ó tàn, iná wà. Kò tàn, iná ò sí. Mo fi kan orí kọ́ìlì, ó tàn yanran. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ìjàpá húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jí. Màmá pàtẹ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò jáde.

Èmi nìkan wà á lọ sí Ìkirè, mo wà á dé Ìkòyí, mo sì wà á padà. Kò húkọ́, kò kọsẹ̀. Mo tẹ fèrè fún gbogbo ẹni tó mọ̀ mí. Mo ti rò ó lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lọ́jọ́ kejì ni mo ní kí Màmá jẹ́ ká jọ dán an wò. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo tẹ àga iwájú sílẹ̀, wọ́n wọlé sẹ́yìn, wọ́n sì jókòó sápá ọ̀tún. Àyè ọlọ́kọ̀ nìyẹn. Kò sí ọmọlúàbí tó máa fi irú Màmá bẹ́ẹ̀ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rìwáyà. A kúrò nílé, à ń lọ jẹ́jẹ́, Màmá ń juwọ́ sí àwọn èèyàn láti ojú fèrèsé. A ò tíì dé ibi tí ọ̀nà ti gún ni táyà bọ́ sínú kòtò kékeré kan. Ẹ̀rọ dákẹ́. Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

Ibi tó kú sí gan-an ni ìyà mi. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ni. Ọjọ́ orí wa ò jìnnà síra, a sì jọ mọ ara wa láti ìgbà pípẹ́.

“Ọ̀gá Ìkirè!” ló kígbe. “Ṣé ẹ̀ ń fún un ní ìsinmi ni?”

“Gbájú mọ́ táyà rẹ.”

“Táyà tèmi ń yí o. Tìrẹ ńkọ́?”

Màmá bọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ dúró lábẹ́ ìbòòji. Mo ṣí ìdí ọkọ̀, mo fi gílóòbù kan kọ́ìlì, ó tàn. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó jí. Ojú tì mí, mo wá ohun tí mo fẹ́ sọ, mo ní ooru ló mú kọ́ìlì, pé kọ́ìlì àtijọ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá gbóná. Òótọ́ ni pé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò bi ara mi ni pé báwo ni kọ́ìlì ṣe gbóná nígbà tí a ò tíì rìn jìnnà.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìkirè, mo wá kọ́ìlì mìíràn, mo gun ọ̀kadà padà. Mo dè é. Mo wà á kiri fúnra mi, ó dára. Mo gbé Màmá, ó kú. Mo tún gun ọ̀kadà. Mo pààrọ̀ kọ́ńtáàkì, mo pààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà, àwọn nǹkan kéékèèké tó ń bá kọ́ìlì ṣiṣẹ́. Mo fọ orí púlọ́ọ̀gì títí ó fi ń dán bí eyín ọmọdé. Èmi nìkan, ó ń sáré. Màmá wọlé, ó kú. Eruku ọ̀nà Àpòmù ti wọ inú etí mi. Bí mo bá délé, ìyàwó mi á gbé oúnjẹ síwájú mi, mi ò ní rántí jẹ ẹ́. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo ní ẹlòmíràn wo? Ta ló kù?

Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n irọ́ ò sí níbẹ̀, mi ò tíì rí ọkọ̀ tó fi mí ṣẹ̀sín bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà tó kú kẹ́yìn, ọjọ́ Ẹtì ni, iwájú ọkùnrin onítáyà náà kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí kò pariwo. Ó nu ọwọ́, ó rọra bá mi nídìí ẹ̀rọ.

“Mo ti ń wò yín láti ọjọ́ yìí,” ló wí. “Bí o bá dá wà nínú ẹ̀, ó ń sáré bí ehoro. Bí Màmá bá ti wọlé, ó tán. O ò rí i?”

“Kí ni kí n rí?”

“Bàbá tó kú ò fẹ́ kí Màmá jókòó síbẹ̀. Bàbá ló lọkọ̀.”

“Gbẹ́nu rẹ dákẹ́! Òkú ò mọ ibi tí kọ́ìlì wà.”

“Ìwọ tó mọ ibi tó wà, kí lo rí ṣe sí i?”

Mo gbé sípánà. Mi ò ní lù ú, mo kàn gbé e ni. Ìgbà tí mo yíjú ni mo rí i pé Màmá ti gbọ́. Wọ́n dúró lábẹ́ ìbòòji náà, wọ́n di àpò wọn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

A ti ọkọ̀ padà sílé, nítorí Màmá ní àwọn ò wọ̀ ọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò sì fẹ́ kí gbogbo ayé rí mi kí n máa dá wà á lọ. Nígbà tí a dé àgbàlá, wọ́n pè mí.

“Rìwáyà, mo fẹ́ bi ọ́, má sì tàn mí. Ṣé nǹkan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Màmá, ẹ má dá a lóhùn. Táyà ló mọ̀.”

“A ò bára wa jà, èmi àti Bàbá yín. Àfi kí n má mọ̀.” Wọ́n fọwọ́ pa òrùlé ọkọ̀ náà. “Bí ó bá kú mọ́ mi nínú lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò ní dúró de Àìkú. Èmi fúnra mi ni n ó pe ọmọ mi pé kó kó àwọn onírin wá. Mi ò lè máa jókòó níbi tí wọn ò ti fẹ́ mi.”

Mo kí wọn pé ó dàárọ̀, mo sì wá ọ̀kadà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, oòrùn ti le kí n tó dé. Mo tún tọ wáyà náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo mi í, mo fà á, mo tẹ̀ ẹ́. Gílóòbù mi tàn níbi gbogbo tí ọwọ́ mi dé. Mo tan ẹ̀rọ, mo jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan, mo sì dúró tì í, mò ń retí kó kú níṣojú mi. Kò kú. Ó ń kùn bí ológbò tó yó. Èmi ni mo fẹ́ kú. Ojú ń ṣú mi, n kò sì tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀.

Rìwáyà tó mọyì iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ṣòkòtò olóróóró jókòó sí àyè ọlọ́kọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ì bá fọ́ mi létí fún un. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ṣe é rí, àní lórí ọkọ̀ àlòkù. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ara ò gbọ́ ti ọmọlúàbí mọ́. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ìbòòji wà nínú. Mo tẹ àga iwájú, mo sì wó sórí àga ẹ̀yìn lápá ọ̀tún bí àpò gàrí.

Ẹ̀rọ kú.

Mo ṣépè. Mo dìde, mo na ọwọ́ síwájú, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó jí. Mo tún fi ìdí lélẹ̀. Ó kú. Mo dìde. Ó jí. Mo jókòó. Ó kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́ di ẹkún. Màmá sáré jáde láti ilé ìdáná, wọ́n rò pé oòrùn ti ṣe mí.

“Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin! Kì í ṣe ẹ̀yin! Èmi náà ni kò fẹ́! Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbí!”

Mo fa àga ẹ̀yìn tu. Nínú ìjàpá, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà. Mo ti ṣí i láti ọjọ́ kìíní, ojú bátìrì nìkan ni mo wò. Báyìí ni mo fọwọ́ tú inú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì kan oríkèé wáyà kan tí omi bátìrì ti jẹ di àwọ̀ ewé. Ibi tí wáyà kọ́ìlì ti kọjá ni. Ẹnìkan ti gé e níbẹ̀ láyé àtijọ́, ó sì ti tún un so. Sípíríìnì àga wà lókè rẹ̀ gan-an. Bí èèyàn bá jókòó, sípíríìnì á tẹ oríkèé náà, á ṣí, iná á sì gé. Bí èèyàn bá dìde, á tún pàdé. Màmá fúyẹ́, ó di ìgbà tí táyà bá wọ kòtò kí ó tó ṣí. Èmi tí mo sanra, mi ò nílò kòtò.

Mo tọ wáyà tí wọ́n fi kún un, mo gba abẹ́ ẹní ilẹ̀ ọkọ̀ lọ síwájú, títí mo fi bá a lábẹ́ àga ẹni tó ń wakọ̀. Swíìṣì kékeré kan ni, ó fara pamọ́ sẹ́yìn irin. Ni mo bá mọ̀. Sẹ́kúríìtì ni. Láyé ìgbà tí àwọn olè ń jí ìjàpá bí ẹní ń jí adìyẹ, àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń ní kí rìwáyà gba wáyà kọ́ìlì kọjá ibi kan tí ojú ò rí. Bí ọlọ́kọ̀ bá pa á kó tó kúrò nídìí ọkọ̀, olè lè yí kọ́kọ́rọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó. Ìlànà iṣẹ́ wa lórí irú èyí le: ọlọ́kọ̀ nìkan là ń fi hàn. A kì í sọ fún ìyàwó, a kì í sọ fún ọmọ. Bàbá ti fi í sílẹ̀ ní títàn nígbà tí wọ́n wà á kẹ́yìn, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo gé ibi tó jẹrà kúrò, mo so wáyà tuntun, mo gbé e jìnnà sí sípíríìnì. Iṣẹ́ kékeré ni. Màmá ń wò mí.

“Kí ni ò ń so yẹn?”

Mo ti pa ìlànà náà mọ́ láti ìgbà èwe mi, mo sì fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n mo rántí bí wọ́n ṣe di àpò mú lábẹ́ ìbòòji. Mo ní kí wọ́n wá wo abẹ́ àga. Mo fi ọwọ́ wọn kan swíìṣì náà, mo sì sọ ohun tó wà fún.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo ibẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí mì.

“Ibí yìí náà?”

“Ibẹ̀ náà ni, Màmá.”

“Gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ jáde ni wọ́n máa ń tẹrí ba sísàlẹ̀ báyìí. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà! Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí wọ́n bá ti gbórí sókè, èmi á ṣe Àmín láti ẹ̀yìn. Wọn ò sì sọ fún mi!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún. “Ọkùnrin burúkú! Ẹ kú àdúrà o, Bàbá!”

“Ṣé kí n yọ ọ́ dànù?”

“Má yọ ọ́. Má sì fi han ẹnikẹ́ni mọ́.”

Láàárọ̀ Àìkú, mo wọ dáńṣíkí mi tó dára jù, mo sì gbé Màmá. Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni wọ́n jókòó sí. Dáwódù wọn ń fi ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé wa pẹ́kípẹ́kí, ó ń retí. A kọjá lójú ọkùnrin onítáyà, ó dìde dúró, mo sì tẹ fèrè fún un ju bó ṣe yẹ lọ. A bọ́ sínú kòtò, a jáde. A bọ́ sínú òmíràn. Màmá kọrin láti ẹ̀yìn. A dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́.

“Pa nǹkan abẹ́ àga yẹn,” ni Màmá fọ̀ sí mi létí kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀. Mo pa á.

Dáwódù wá bá mi. “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Kí ló tiẹ̀ ṣe é gan-an?”

Màmá wojú mi.

“Wáyà ló jẹrà,” ni mo wí. Irọ́ kọ́.

Mi ò bá wọn wọlé. Mo gbórí lé sítíá, mo sì sùn gbogbo ìsìn náà já, orin àti ìwàásù. Ìgbà tí mo jí, Dáwódù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti yọ́, ó ní kí n bọ́ sílẹ̀, pé òun fẹ́ wa ọkọ̀ bàbá òun délé. Mo bọ́ sílẹ̀. Màmá ti wọlé sẹ́yìn. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ ń yí, ń yí, kò jí. Ó tún yí i.

“Ó tún ti dé,” ló wí, ó ń wò mí.

“Kò sí ohun tó dé,” ni Màmá dáhùn. “Ó ti gbé mi dé, àdéhùn wa nìyẹn. Dìde níbẹ̀, jẹ́ kí rìwáyà wà á.”

Ó dìde. Mo jókòó, mo tẹrí ba, mo fọwọ́ kan ibi tó yẹ, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà. Dáwódù ń wò mí láti ìta, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọjọ́ mìíràn, ǹ bá ti dáhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n dáhùn. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn fẹ́ gbé Màmá délé, kí n gun ọ̀kadà padà sí Ìkirè, kí n sì na ẹ̀yìn mi sórí ẹní.